«Activate Windows»: kí a sanwó ni, kí a fojú fò ó ni, àbí kí a kúkú kó kúrò níbẹ̀?

Ìlà ọ̀rọ̀ méjì tó ní àwọ̀ eérú ni, ní igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Èkíní ní «Activate Windows», èkejì ní kí ẹ lọ sí Settings. Ẹ ṣí fíìmù, ó wà lórí fíìmù. Ẹ fi ojú ẹ̀rọ yín han àwọn ará ìpàdé lórí Zoom, gbogbo ìpàdé ló rí i. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń ṣe n'Ìbàdàn ni kí a gbé láptọ́ọ̀pù náà kọ́ èjìká lọ sí Agbowó tàbí Queen Cinema, kí a san ẹgbẹ̀rún náírà mélòó kan, kí ẹnjiníà «bá wa yọ ọ́». Á yọ lóòótọ́. Ohun tí wọ́n fi yọ ọ́, àti ohun tí ìyẹn fi sílẹ̀ sínú ẹ̀rọ, ni a kì í sábà béèrè.

Ọ̀nà tó wà ju ọ̀kan lọ, wọn ò sì dọ́gba. Mo fẹ́ gbé wọn kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ṣùgbọ́n mi ò ní díbọ́n bíi pé mi ò ní ibi tí mo fì sí: kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ kọ́kọ́ wádìí láísẹ́ǹsì (ẹ̀tọ́ láti lo Windows) tí wọ́n bí mọ́ kọ̀ǹpútà yín. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ máa parí sí.

## Wọ́n jọra, wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà

Àmì eléérú yẹn ò lè pa ẹ̀rọ yín. Windows 10 àti 11 tí kò tíì gba àṣẹ (ìyẹn «activate») ṣì ń ṣiṣẹ́, àtúnṣe ààbò sì ń wọlé fún un bí ó ṣe ń wọlé fún àwọn yòókù. Ohun tí wọ́n tì pa ni ibi tí èèyàn ti ń yí àwòrán ojú ẹ̀rọ, àwọ̀ àti àwọn nǹkan ẹ̀ṣọ́ padà nínú Settings. Àwọn tó bá lo Windows 7 á rántí èyí tó le ju èyí lọ: ó máa ń sọ fún èèyàn lójúkojú pé ẹ̀dà rẹ̀ kì í ṣe ojúlówó, á sì sọ àwòrán ojú ẹ̀rọ di dúdú kirikiri.

Èyí tó ń sọ pé «Your Windows license will expire soon» yàtọ̀ pátápátá. Ohun tó sábà máa ń túmọ̀ sí ni pé ẹ̀rọ yín wà lórí irú láísẹ́ǹsì tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń lò, tí wọ́n ń pè ní KMS. Ilé iṣẹ́ náà á ní sẹ́fà tirẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà àgbà tó ń pín àṣẹ, kọ̀ǹpútà àwọn òṣìṣẹ́ á máa lọ jẹ́ ìpè lọ́dọ̀ rẹ̀. Àṣẹ tí kọ̀ǹpútà bá gbà kì í ju ọjọ́ 180 lọ, ọjọ́ méje méje ló sì máa ń gbìyànjú láti sọ ọ́ dọ̀tun. Bó bá jẹ́ pé láptọ́ọ̀pù ibi iṣẹ́ yín ni, tó ti pẹ́ nílé, ẹ gbé e padà lọ sí ọ́fíìsì tàbí kí ẹ so ó mọ́ VPN wọn (ọ̀nà orí íntánẹ́ẹ̀tì tó so yín mọ́ ọ́fíìsì), ó tán. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé owó ara yín lẹ fi rà á ní Ìwó Road, kí ni KMS ń wá nínú rẹ̀? Ẹni tó tà á fún yín ló fi síbẹ̀.

Ẹ̀kẹta kì í tilẹ̀ ṣe ti Windows. Inú búráúsà ló ti máa ń yọ, á máa pariwo, á ní láísẹ́ǹsì yín ti tán, á sì kọ nọ́ńbà fóònù síbẹ̀ pé kí ẹ pè. Olè ni. Microsoft fúnra wọn sọ ọ́ pé ìkìlọ̀ àwọn kì í gbé nọ́ńbà fóònù lọ́wọ́. Ẹ pa búráúsà náà. Bó bá kọ̀, ẹ tẹ Ctrl, Alt àti Delete, kí ẹ gba Task Manager pa á. Kò sí ohun tí à ń fi wé ohun kan nínú ìyẹn.

## Ẹ bi ẹ̀rọ léèrè kí ẹ tó bi ẹnjiníà

Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pẹ̀lú lẹ́tà R. Ẹ kọ `slmgr /xpr` sínú àpótí kékeré tó bá yọ, kí ẹ tẹ Enter. Bó bá dáhùn pé «permanently activated», kò sí wàhálà kankan. Bó bá dá ọjọ́ kan fún yín pé «Volume activation will expire», KMS ni. Bó bá sọ̀rọ̀ «Notification mode», kò tíì gba àṣẹ rárá nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú `slmgr /dli`, kí ẹ wá ọ̀rọ̀ tó wà níwájú «channel»: OEM_DM ni èyí tó bá ẹ̀rọ wá láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é; RETAIL ni èyí tí èèyàn rà lọ́tọ̀; VOLUME_KMSCLIENT ni ti ilé iṣẹ́ ńlá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan Ìbàdàn gan-an rèé. Púpọ̀ nínú láptọ́ọ̀pù tó wà nílé wa, tòkúnbọ̀ ni: Dell Latitude, HP EliteBook, Lenovo ThinkPad. Ilé iṣẹ́ ní òkè òkun ló kọ́kọ́ rà wọ́n, wọ́n lò wọ́n fún ọdún mélòó kan, wọ́n tà wọ́n lọ́pọ̀, wọ́n sì dé ọ̀dọ̀ wa. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í sábà wá lọ́wọ́ òfo. Láti ìgbà tí Windows 8 ti jáde ní 2012, àwọn tó ń ṣe láptọ́ọ̀pù ò lẹ key (lẹ́tà àti nọ́ńbà tó ń ṣí Windows) mọ́ ìdí ẹ̀rọ mọ́. Inú BIOS (ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó dé), lórí bọ́ọ̀dù gan-an, ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Ẹ lè fọ́máàtì rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò kúrò níbẹ̀.

Kí ló wá dé tí ìkìlọ̀ fi ń yọ? Ẹni tó kó àádọ́ta láptọ́ọ̀pù wọlé ò ráyè ẹjọ́. Fláàṣì kan ló ní, Windows Enterprise (ẹ̀dà ti ilé iṣẹ́ ńlá) ló sì wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ti kíráàkì, ìyẹn ni pé wọ́n fi èrú ṣí i. Ó gbé e sínú gbogbo wọn. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi Windows Pro bí, ó ti wọ aṣọ Enterprise báyìí, key Pro tó wà nínú BIOS ò sì ṣí Enterprise. Ẹni tó rà á wá ń jáde lọ wá key kiri. Ohun tí à ń wá lọ sí Ṣókótó, ó wà nínú àpò ṣòkòtò.

Láti wò ó, ẹ ṣí PowerShell (ibi tí a ti ń fi ọ̀rọ̀ pàṣẹ fún Windows, ẹ wá a nínú Start), kí ẹ kọ ìlà yìí:

`(Get-CimInstance -ClassName SoftwareLicensingService).OA3xOriginalProductKey`

Bí lẹ́tà àti nọ́ńbà 25 bá jáde, tí wọ́n pín sí ọ̀nà márùn-ún, ẹ ti rí i. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ lọ sí Settings, System, Activation, kí ẹ yan «Change product key», kí ẹ sì kọ ọ́ síbẹ̀ nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bá wà. Bó bá kọ̀ nítorí pé ẹ̀dà tó wà lórí ẹ̀rọ kì í ṣe ti key yẹn, àtúngbékalẹ̀ ló kàn. Ẹ kó gbogbo fáìlì yín sórí ohun mìíràn ná (mo tún un sọ: ẹ kọ́kọ́ kó wọn), kí ẹ fi Media Creation Tool, tí Microsoft ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, ṣe fláàṣì 8GB. Ó máa jẹ dátà bíi 5GB, nítorí náà òru ni kí ẹ ṣe é bí ẹ bá ní dátà òru. Windows á ka key inú BIOS fúnra rẹ̀, kò ní béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ yín.

Bí ìlà yẹn bá dá òfo padà, ẹ má tíì sọ̀rètí nù. Láti ìgbà Windows 10 ní 2015, Microsoft máa ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ tó ti gba àṣẹ rí sọ́dọ̀ ara wọn. Ẹ gbé irú ẹ̀dà tó ní tẹ́lẹ̀ padà, Pro sí Pro, ẹ yan «I don't have a product key», ẹ so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì lè gba àṣẹ fúnra rẹ̀. Àwọn tí ilẹ̀kùn tì mọ́ ni àwọn tó di key Windows 7 tàbí 8 mú tí wọ́n fẹ́ fi ṣí Windows 10 tàbí 11: oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni Microsoft dí ọ̀nà yẹn pátápátá. Ẹ̀rọ tó bá ti kọjá sí 10 ṣáájú ìgbà yẹn ṣì ní tirẹ̀.

Bí ẹ ò bá fẹ́ fọwọ́ ara yín ṣe é, ẹnjiníà lè bá yín ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń wáyé ní ṣọ́ọ̀bù rèé:

«Màmá, Windows yín ti expire. Ẹ mú ẹgbẹ̀rún mẹ́ta wá, ìṣẹ́jú márùn-ún ni.»

«Ọmọ mi, kí lo fẹ́ fi sí i?»

«Activator ni, mà. Òun ni gbogbo èèyàn ń lò.»

«Fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Bá mi wo key tó wà nínú BIOS rẹ̀, kí o fi Pro sí i. Màá san owó iṣẹ́ rẹ.»

Ẹni tó bá mọṣẹ́ á rẹ́rìn-ín, á sì wò ó. Ẹni tó bá ní kò sí nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ gbé ẹ̀rọ yín ẹ máa lọ.

## Bí wọ́n bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| Ọ̀nà | Owó | Ṣé ìkìlọ̀ á lọ? | Ohun tó lè yọni lẹ́nu |
|---|---|---|---|
| Láísẹ́ǹsì tí wọ́n bí mọ́ ẹ̀rọ | Dátà, tàbí owó iṣẹ́ ẹnjiníà | Ó lọ pátápátá | Bí bọ́ọ̀dù bá jóná, ó bá a lọ |
| Fífojú fò ó | Kò sí | Rárá | Àdéhùn Microsoft ò fàyè gbà á |
| Kíráàkì | Ẹgbẹ̀rún mélòó kan, léraléra | Títí di ìgbà díẹ̀ | Fáírọ́ọ̀sì, olè ọ̀rọ̀ aṣínà |
| Key olówó pọ́ọ́kú | Ẹgbẹ̀rún mélòó kan | Bóyá | Wọ́n lè tì í pa lọ́jọ́kọ́jọ́ |
| Key ojúlówó | Dọ́là 139 fún Home | Ó lọ pátápátá | Owó náà |
| Linux (ètò ọ̀fẹ́ tó ń rọ́pò Windows) | Dátà bíi 3GB | Kò sí ìkìlọ̀ mọ́ | Sọ́fítíwíà Windows tí ẹ ò lè fi sílẹ̀ |

## Fífojú fò ó àti kíráàkì

Àwọn méjèèjì yìí ni èèyàn sábà máa ń yàn nínú wọn nígbà tí kò sówó, èyí tí kò dáa ni ọ̀pọ̀ sì ń mú. Activator tí wọ́n ń lò ní ṣọ́ọ̀bù máa ń díbọ́n bíi sẹ́fà KMS ilé iṣẹ́ ńlá. Inú kọ̀ǹpútà yín ló jókòó sí, tí ó ń fún ẹ̀rọ ní àṣẹ irọ́. Kí ó tó lè wọlé, ohun àkọ́kọ́ tí ó máa ní kí wọ́n ṣe ni kí wọ́n pa àǹtífáírọ́ọ̀sì. Ẹ rò ó wò: ẹni tó ní kí ẹ lé ọlọ́dẹ lọ kí òun tó wọlé, kí ló fẹ́ wá ṣe? Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, ilé iṣẹ́ ààbò Red Canary ṣàlàyé bí àwọn ọ̀daràn ṣe ń fi Cryptbot sínú ẹ̀dà KMSPico, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn activator tó lókìkí jù. Iṣẹ́ Cryptbot ni kí ó kó ọ̀rọ̀ aṣínà tí búráúsà bá tọ́jú, àti àpamọ́wọ́ owó kíríptò. Orí kọ̀ǹpútà yẹn náà lẹ ti ń ṣí báńkì yín.

Kò tún pẹ́ lọ títí. Bí Defender, àǹtífáírọ́ọ̀sì inú Windows, bá bá a lábẹ́, á yọ ọ́ dànù. Ọjọ́ 180 sì ń ka lọ. Ìkìlọ̀ á padà, ẹ̀yin náà á padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ní ti òfin, Copyright Act 2022, tí Ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kẹta ọdún 2023, ka sọ́fítíwíà mọ́ iṣẹ́ tí òfin ń dáàbò bò ní Nàìjíríà gẹ́gẹ́ bí ìwé.

Àmì eléérú ńkọ́? Kò jí nǹkan kan gbé. N kò ní sọ pé ó bófin mu láti máa lò ó lọ bẹ́ẹ̀ títí, nítorí àdéhùn Windows sọ pé ẹni tó ní láísẹ́ǹsì ni ẹ̀tọ́ wà fún. Ṣùgbọ́n fún oṣù kan tàbí méjì tí ẹ fi ń wá owó tàbí àyè, mo yàn án lórí kíráàkì láìronú lẹ́ẹ̀mejì.

## Key olówó gọbọi àti key olówó pọ́ọ́kú

Dọ́là 139 ni Microsoft ń ta Windows 11 Home ní Amẹ́ríkà, Pro jẹ́ 199. Bí dọ́là kan bá wà ní 1,500 náírà, Home nìkan ti ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba náírà lọ. Láptọ́ọ̀pù míì ò tówó yẹn! Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí ẹ wo inú BIOS ná. Ohun tó dáa nínú èyí tí ẹ bá rà lọ́tọ̀ ni pé tiyín ni: bí láptọ́ọ̀pù bá kú, ẹ lè gbé e lọ sórí òmíràn. Èyí tó bá ẹ̀rọ wá kì í kúrò lára ẹ̀rọ.

Àwọn key tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní iye tí wọ́n ń ta ìkòkò ìrẹsì kan ńkọ́? Àwọn kan jẹ́ key ilé iṣẹ́ tí wọ́n ń tà fún ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn míì ni wọ́n fi káàdì ẹlòmíràn rà. Ó lè ṣiṣẹ́ lónìí. Lọ́jọ́ tí Microsoft bá tì í pa, 0xC004C003 ni ẹ máa rí, èyí tó túmọ̀ sí pé wọ́n ti dí key náà. Bí ó bá jẹ́ 0xC004C008, ẹ̀rọ tó ti lò ó ti pọ̀ jù. Ẹni tó tà á fún yín kì í sábà gbé fóònù nígbà náà.

## Bí ojúlówó bá ṣàdédé sọ pé òun ò mọ̀ yín

Àwọn méjì ló wọ́pọ̀ níbi tiwa. Iná gbé bọ́ọ̀dù, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ẹ̀rọ sì ń sọ 0xC004F211. Ẹ ṣí Activation troubleshooter nínú Settings, kí ẹ yan ibi tó ní ẹ pààrọ̀ hardware láìpẹ́. Ẹni tó ti so láísẹ́ǹsì rẹ̀ mọ́ àkáǹtì Microsoft tẹ́lẹ̀ ni ó lè gbà á padà, pàápàá bí ó bá jẹ́ èyí tí ó rà lọ́tọ̀. Èyí tó bá ẹ̀rọ wá, bọ́ọ̀dù àtijọ́ ló wà fún. Pípààrọ̀ RAM ò fa wàhálà yìí.

Èkejì kéré débi pé ó ń bí èèyàn nínú. Bátìrì róbótó inú kọ̀ǹpútà, CR2032, ti kú. Iná á lọ, iná á dé, kọ̀ǹpútà á jí sí ọdún mìíràn. Nígbà tí aago rẹ̀ bá ti ṣìnà, Windows lè kọ̀ láti gba àṣẹ, búráúsà náà á máa sọ pé wẹ́ẹ̀bù yìí àti tọ̀hún ò ṣe é fọkàn tán. Ẹ pààrọ̀ bátìrì, ẹ tún aago ṣe.

## Kíkó lọ sí Linux

Ohun kan wà tí láísẹ́ǹsì ojúlówó gan-an ò lè tún ṣe: Windows 10 ti jáde kúrò lábẹ́ àbójútó Microsoft láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Àfikún ààbò wà fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀, títí di ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 2026; dọ́là 30 ni, tàbí ọ̀fẹ́ fún ẹni tó bá jẹ́ kí àkáǹtì Microsoft tọ́jú ètò ẹ̀rọ rẹ̀. Windows 11 sì ń béèrè TPM 2.0 (ohun ààbò kan tó wà nínú ẹ̀rọ), ó sì kọ ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ Intel tó bá kéré sí 8th gen (ìran kẹjọ). EliteBook 6th gen tí ẹ rà, láísẹ́ǹsì rẹ̀ lè pé pérépéré kí ó má sì ní ibi tó ń lọ.

Fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, Linux Mint ni mo máa ń dámọ̀ràn. Ọ̀fẹ́ ni, kò ní key, kò ní ìkìlọ̀, ẹ̀dà 22 sì máa gba àtúnṣe títí di 2029. Orí Ubuntu ni wọ́n gbé e lé, èyí tí Mark Shuttleworth ará Gúúsù Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ ní 2004. Ẹ lè lò ó láti orí fláàṣì láìfọwọ́ kan ohun tó wà nínú ẹ̀rọ, kí ẹ wò ó bóyá Wi-Fi àti ohùn ń ṣiṣẹ́. Ó tiẹ̀ ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá lára, bí Windows náà ṣe ní in.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ilé. Ẹni tó ń fi CorelDRAW ṣe káàdì ìpè ìgbéyàwó ò lè kó kúrò lórí Windows. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé tí ọmọ ti ń fi sọ́fítíwíà tí wọ́n kọ fún Windows ṣe ìdánrawò JAMB. Ẹni tí kò ṣe ju búráúsà, WhatsApp Web, YouTube àti lẹ́tà kíkọ lọ, kò ní mọ ìyàtọ̀ púpọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

## Office kì í ṣe Windows

Wọ́n máa ń po Windows pọ̀ mọ́ Office, ìyẹn Word, Excel àti ẹgbẹ́ wọn. Láísẹ́ǹsì Windows ò ṣí Word. Bí Office ò bá ní àṣẹ, ẹ lè ka fáìlì, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ jáde, ṣùgbọ́n ẹ ò ní lè kọ nǹkan tuntun sí i. Níbí, mi ò rí ìdí kankan láti kíráàkì ohunkóhun, torí ọ̀fẹ́ tó wà nílẹ̀ dáa gan-an. Word inú búráúsà wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó bá ní àkáǹtì Microsoft, pẹ̀lú àyè 5GB. Ó fẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ní gbogbo ìgbà ni tirẹ̀. LibreOffice ò fẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé e sórí ẹ̀rọ, ó ń ka .docx, ó sì ń kọ ọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá ni kí ó ṣọ́ra díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé nínú Word máa ń hàn nínú LibreOffice, ìdáhùn yín náà á dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Tábìlì àti nọ́ńbà ojú ìwé ni wọ́n máa ń yẹ̀ nígbà míì. Ẹ fi .docx ránṣẹ́ sí ọ̀gá tó ń ṣàtúnṣe, ṣùgbọ́n PDF ni kí ẹ gbé lọ fún ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́ ní Agbowó.